Ọkọ̀ Lucius ní Oko Tolliver

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù keje, 1964
Ọ̀la la máa gbéra láti Detroit lọ kí bàbá ọkọ mi ní Mississippi. Mo ti dín adìyẹ, mo ti se ẹyin — tá a bá ti rìn jìnnà, kò sí ilé oúnjẹ tó máa ta fún èèyàn dúdú. Lucius, ọkọ mi, ń nu Ìyàwó Kejì. Orúkọ tí mo sọ ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Galaxie tuntun, aláwọ̀ búlúù, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Mo ní ká wọ bọ́ọ̀sì. Ó fi mí rẹ́rìn-ín: "Dessa, ṣé Kádílààkì ni? Ọkọ̀ tí tíṣà àti akólẹ́tà ń gùn ni." Tíṣà wo? Tíṣà òyìnbó ló ń sọ yẹn. Níbi tá à ń lọ, wọn kì í fẹ́ rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn dúdú.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹjọ
A dé. Láti ilé epo kan ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti tẹ̀ lé wa — nọ́ńbà ọkọ̀ wa ló rí, tó fi hàn pé Michigan la ti wá.  Ó pẹ́ kó tó yà kúrò lẹ́yìn wa.

Bàbá ọkọ mi, Ezra, ò tíì kí wa tán tí wọ́n fi ní, "Ẹ gbé nǹkan yẹn sẹ́yìn ilé." Wọ́n kó àpò òwú bò ó. Ó gùn ju àpò lọ. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, roboto, ń wo ìta.

Àìkú, 2
Kò sẹ́ni tó tíì rí i. Bóyá.

Ajé, 3
Wọ́n rí i. Tolliver wá — òyìnbó tó ni ilẹ̀ tí Bàbá ń dáko lé, tó tún ni ilé tí wọ́n ń gbé. Ó fi ọ̀pá gbé àpò sókè. "Bọ́ì, ọkọ̀ ta nìyí?" Bàbá tètè dáhùn: "Ti ọ̀gá ẹ̀ ni, sà. Ó yá a ni." Lucius ní, "Èmi ni mo ni ín."

 Tolliver nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kí Lucius wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó wa ọkọ̀ lọ, eruku bò wọ́n.

Mo dúró lójú kan náà títí òòrùn fi wọ́ kọjá orí ilé. Ọkọ̀ padà dé. Tolliver nìkan. Mo figbe bọnu. "Má pariwo, obìnrin. Ó ń bọ̀. Mo ní kó fẹsẹ̀ rìn, kó lè rántí bí ilẹ̀ ibí ṣe gbóná tó." Ó yíjú sí Bàbá: "Ezra, ọmọ ẹ ti lówó jù mí lọ. O ò nílò ilé mi mọ́. Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí, má jẹ̀ẹ́ n bá ẹ níbẹ̀." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Lucius dé láìwọ bàtà.  Mo bá a fọ ẹsẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4
Bàbá ní àwọn ò ní lọ. Òwú wọn kù díẹ̀ kó là. Ìtòsí ibẹ̀ la sin ìyá Lucius sí. Lucius bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n bá wa lọ sí Detroit. Bàbá ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé iná wọlé mi, ẹ tún ní kí n máa bá yín sá fún un!" 

Ọjọ́rú, 5
Pearlie, obìnrin tó múlé ti Bàbá, sáré wá láàárọ̀. Níbi tó ti ń fọṣọ fún àwọn òyìnbó ló ti gbọ́: wọ́n ń bọ̀ wá sun ọkọ̀ náà, àti ẹni tó bá dúró tì í.

Bàbá ò jiyàn mọ́. Ọ̀sán gangan la jáde, nígbà tí gbogbo àwọn òyìnbó wà nídìí oúnjẹ. Bàbá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn, mo fi aṣọ bò wọ́n. Àyè gbà wọ́n. Àfi bíi pósí. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ìyá Lucius lábẹ́ aṣọ. Kò sẹ́ni tó lé wa. Síbẹ̀, mi ò yé bojú wẹ̀yìn títí a fi la ìpínlẹ̀ Tennessee kọjá.

Ẹtì, 7
A ti padà sí Detroit. Lónìí, ẹsẹ̀ ni Lucius fi rìn wálé láti ibi iṣẹ́. Ó ti ta ọkọ̀ náà. "Mi ò lè di sítíárìn yẹn mú mọ́, Dessa. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ṣì wà lára ẹ̀." Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣebí èmi ni mo ń gbàdúrà pé kó lọ. Ẹkún ni mo sun.

Bàbá gbójú sókè. "Á jẹ́ pé Tolliver gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ nìyẹn."

Lucius dìde, ó já fìlà rẹ̀ gbà lára ìṣó, ó jáde. Mo pè é. Bóyá ó fẹ́ lọ gba ọkọ̀ náà padà ni.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá wà lójú fèrèsé, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. A ò tíì rí Lucius.