Ọ̀rọ̀ Kílíà àti Pèrègún Ààlà Wa

Tómilọ́lá ọmọ mi,

Ṣé ẹ jí dáadáa ní Èkó níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Olúwapamílẹ́rìnayọ̀ ọmọ-ọmọ mi, tí orúkọ rẹ̀ gùn ju òpó iná lọ, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Òjò tó ń rọ̀ sóko ẹni ire yóò rọ̀ sí tìrẹ. Mo mọ̀ pé o kò ní oko ní Èkó, ṣùgbọ́n gba àdúrà náà bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run mọ ibi tí yóò fi sí.

Rachel ló ń bá mi kọ ìwé yìí, tísà tí ìjọba gbé wá láti Èkìtì, tó ń gbé yàrá tí ìyá rẹ ń kó ẹ̀pà sí nígbà ayé rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ìmọ̀ ìwé tún un ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀, Rachel.

Gbogbo wa wà láàyè ní Omifunfun. Kòkó ń so. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, èyí tó rọ nínú wọn ti ń rìn báyìí.

Mo gbọ́ pé o ń bínú sí mi nítorí mo sá kúrò ní ọsibítù tí o ní kí n lọ ní Ore. Jẹ́ kí n rojọ́ mi. Nọ́ọ̀sì yẹn tan iná sí mi lójú, ó ní nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú mi. Mo ní kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, Omifunfun ni mo ti wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú mi kò kílíà, pé dókítà yóò kílíà rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọmọ mi, n kò jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n mo mọ kílíà. Nígbà tí bàbá mi ń bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ti ní kí ẹ kílíà igbó, àdá lẹ ó kọ́kọ́ mú, àáké ló tẹ̀ lé e, iná ló gbẹ̀yìn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi iná ṣe nínú ojú mi? Ní gáréèjì Ore náà, bí àwọn agbèrò bá ké kílíà, tí ọlọ́kadà kò tètè kúrò lójú títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yọ. N kò dúró kí wọ́n yọ tèmi. Mo gun ọ̀kadà, ó di ilé.

Rachel ní mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó sì ń ka ìtumọ̀ kílíà fún mi. Ó ní ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu, kílíà ni. Ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn, kílíà ni. Ẹrù tó jáde ní èbúté, ẹni tí adájọ́ dá sílẹ̀, ẹṣin tó fo ọgbà kọjá tí kò kàn án, kílíà ni gbogbo wọn. Ó kà á títí ọbẹ̀ ilá mi fi tutù. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nílé wa níbí, oko la ń ṣán, ojú ọ̀run ló ń mọ́, ọ̀rọ̀ ló ń yé ni, ọ̀nà la ń yà fún ara wa, kálukú ní ẹní tirẹ̀. Òyìnbó kó gbogbo wọn sùn sórí ẹní kan. Rachel tún ní kílíà ní ìbátan, àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ìtumọ̀ wọn jọ tirẹ̀, ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ki oríkì: puléènì, buráìtì, òbífíọ̀sì. Mo ní bí ẹbí náà ṣe pọ̀ tó yìí, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí nọ́ọ̀sì lè rán sí mi wọ́ọ́rọ́wọ́? Mo ní n kò lọ mọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kò sí nínú ìwé Rachel.

O mọ Àmúsà, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìkirè wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. O mọ pèrègún mẹ́sàn-án tí àwọn bàbá méjèèjì jọ gbìn sí ààlà oko wa. Ẹni tó bá fọwọ́ kan pèrègún ààlà, ìjà ló ń wá. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ ṣán abẹ́ kòkó. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ń yin ara mi, mo ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò lè ṣán ìdajì rẹ̀. Ni Àmúsà bá dé. Ó ṣí fìlà, ó ní Bàbá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Mo ní kí ló dé? Ó ní gbogbo pèrègún ló wà nílẹ̀ yìí. Mo ní ewúrẹ́ ni. Ó ní ewúrẹ́ wo ló ń mú àdá dání, Bàbá?

Mo ti ṣán pèrègún bàbá mi mọ́ koríko, mi ò sì rí i.

Kò mú ẹjọ́ mi lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Ó gé igi wọn sí èyí tó ṣeé tún gbìn, ó kó o lé mi lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ tó bá hú u náà ló gbọ́dọ̀ dá a padà, kí aládùúgbò sì dúró wò ó. Mo gbìn ín, mẹ́sàn-án, mo nàró, mo ní ó gún àbí kò gún? Àmúsà rin ìlà náà dé òpin, ó ń ka igi kòkó. Ó ní Bàbá, ẹ ti fún mi ní igi kòkó mọ́kànlá. Ó ní èyí tí ẹ sin ìwọ́ Tómilọ́lá sí ìdí rẹ̀ wà lára wọn.

Ó lè má sọ ọ́, ọmọ mi. Ta ni ì bá mọ̀? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wọ́n tu, ó di ọwọ́ mi mú, a sì jọ tún wọn gbìn síbi tí àwọn bàbá wa fi wọ́n sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Àmúsà.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún ọ. Fọ́tò ọmọ tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù Rachel, tí mo ní imú mi ló gbé wáyé, irọ́ ni mo pa. Ìkùukùu ni mo rí.

Nítorí náà, sọ fún àwọn ará ọsibítù Ore pé mo ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pe kílíà sí mi létí o, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ ojú Bàbá. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó jẹ́ ti èèyàn méjì, nítorí Àmúsà ní òun yóò tẹ̀ lé mi kí n má baà tún gun ọ̀kadà sá. Fi owó ẹja kún un, nítorí ọ̀rọ̀ kílíà ti ba ọbẹ̀ kan jẹ́. Má fi owó náà sínú fóònù Rachel o. Ó ní fóònù náà ti kún, kò gba fọ́tò mọ́. Ibo ni owó yóò wá jókòó sí? Fi rán ẹni tó ní àpò.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò gbà ọ́. Ọmọ tí o gbé pọ̀n yóò gbé ọ pọ̀n lọ́jọ́ alẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi bí imú ọmọ náà ṣe rí. Mo ń bọ̀ wá wò ó fúnra mi.

Èmi bàbá rẹ, Akíntọ́lá. Mo ti tẹ àtàǹpàkò mi sí ìsàlẹ̀ ìwé níbi tí Rachel fa ìlà sí. Rachel ní orí orúkọ rẹ lókè lọ́hùn-ún ni mo tẹ̀ ẹ́ lé. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.