Nígbà Tí Kẹ̀kẹ́ Oníná Ọkọ Mi Lọ Ṣèdánwò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi, ìyá mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé obìnrin onílé yín ti yé pariwo lórí omi ẹ̀rọ? Mo kí ọ títí, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, mo kí ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ọlọ́run tó sọ mí di ìyàwó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí irun orí mi ti ń funfun, kó má gbàgbé ọ̀nà ilé tìrẹ náà. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kó má yọ̀. Ohun tí o bá ń wá, kí òun náà máa wá ọ. Àmín.

Àlàáfíà ni a wà níbí. Adìyẹ dúdú ti pamọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó máa ń ké bí ọmọ tuntun sì ti dákẹ́, nítorí ọkọ mi ti fi ìfági fá ìdí rẹ̀. Ṣé o rí i, lẹ́tà ò tíì jìnnà tí mo ti pe ọkọ mi. Kò tíì sú mi. Bí mo bá lọ ra iyọ̀, n óò ní ọkọ mi fẹ́ràn iyọ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí pé agogo mélòó ló lù, n óò ní ẹ jẹ́ kí n bi ọkọ mi. Má sì jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé "wọ́n" ni mò ń pè wọ́n nínú lẹ́tà yìí bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Àgbà ni wọ́n, bàbá ni wọ́n sì jẹ́ fún ọ báyìí. Ohun tí mo ń pè wọ́n nígbà tó bá ku àwa méjì, ìyẹn ò kàn ọ́.

Ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí o fi ránṣẹ́ ti dé o! Páálí náà ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, orí tábìlì iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà la ti tú u, láàárín ẹ̀rún igi àti òórùn gọ́ọ̀mù. Kẹ̀kẹ́ oníná! Ọmọ mi, ojú mi ti rí nǹkan láyé, kò rí irú èyí rí. Kò mu epo, kò tú èéfín, kò bú ramúramù. O kàn máa fẹsẹ̀ wà á bíi kẹ̀kẹ́ lásán ni, nǹkan kan á sì rọra tì ọ́ lẹ́yìn, bí ìyá ṣe ń ti ọmọ rẹ̀ síwájú níbi tójú ti ń tì í. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gùn ún, mo bojú wẹ̀yìn kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tì mí. Kò sẹ́nì kankan.

Ó tún ní gíláàsì kékeré kan níwájú tó máa ń kọ nọ́ńbà. Ọkọ mi ní ọgọ́rùn-ún ló kọ fún àwọn. Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! O mọ̀ pé iwájú ilé ẹ̀kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù ìwé mi wà, ọdọọdún ni mò ń ta pẹ́ńsùlù àti írésà fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, èmi náà jókòó tèmi nígbà ayé mi, mo sì yege. Mo mọ máàkì bí mo bá rí i. Pé ẹ̀rọ lè máa fún ẹni tó ń gùn ún ní máàkì, pé bí èèyàn bá ṣe ṣe dáadáa tó lójú ọ̀nà ló máa kọ síbẹ̀, háà ni mo kọ. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọkọ mi gba gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Ohun tí a sì fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe ni ìwakẹ̀kẹ́ ńlá. O mọ̀ ọ́n. Lọ́dọọdún ni ọgọ́rọ̀ èèyàn máa ń kóra jọ sí oríta wa, tọmọdé tàgbà, wọn á la àárín abúlé kọjá, wọn á gun òkè, wọn á sì sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò. Kì í ṣe eré ìje, kò sẹ́ni tó ń gba ipò kìíní, ìgbádùn ni. Kí a tó ṣègbéyàwó la ti fẹnu kò pé èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí a óò jọ ṣe níta gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya. Àmọ́ o mọ orúnkún òsì wọn, èyí tó bàjẹ́ nígbà tí wọ́n já bọ́ lórí òrùlé tí wọ́n ń kàn. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ẹsẹ̀ yẹn ti fẹ̀yìn tì. Láìsí kẹ̀kẹ́ oníná, èmi nìkan ni n óò lọ, ìyàwó tuntun tó ń rìn bí opó.

Àṣé ogun ti wà nílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá tí mi ò lè lọ, ẹnì kan tó gun kẹ̀kẹ́ oníná ya wá láti orí òkè bí òkúta, ó gbá oníbúrẹ́dì sínú kòtò, ọwọ́ oníbúrẹ́dì sì kán. Ni ìgbìmọ̀ ìwakẹ̀kẹ́ bá pe ìpàdé sí gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ pé àwọn fẹ́ fòfin de kẹ̀kẹ́ oníná pátápátá. Alápatà tó jẹ́ olórí àwọn afẹsẹ̀wà, àwọn tí kẹ̀kẹ́ wọn ò níná, ló sọ̀rọ̀ jù. Ó ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn, ẹni tó bá fẹ́ kí iná gbé òun kó wọ mọ́tò, kó yé fi kẹ̀kẹ́ bojú. Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní Bàbá Káfíńtà, ẹ ò ṣe kúkú fi táyà sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sùn débẹ̀? Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dìde, ọkọ mi fà mí láṣọ jókòó. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì alápatà gan-an ló wà lọ́wọ́ àwọn báyìí, ṣé kí àwọn fi táyà sí i fún un ni? Gbọ̀ngán tún bú sẹ́rìn-ín, alápatà ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìwakẹ̀kẹ́ náà, tí a ń pè ní Onífèrè nítorí fèrè tó ń so mọ́rùn, ló pẹ̀tù sí i. Ó ní kí a fi òfin dán an wò lọ́dún yìí. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn oníná bá lè pa òfin mọ́ délẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣeé pa mọ́ nìyẹn, àyè yóò wà fún wọn. Bí gbogbo wọn bá rú u, ó parí. Òfin náà yé mi yékéyéké: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ran ẹni tó ń fẹsẹ̀ wà á lọ́wọ́, kó má ran ẹni tó ká ẹsẹ̀ jókòó, bí eré bá ti dé ìwọ̀n kan, kó jáwọ́, àwọn oníná ni yóò gbéra kẹ́yìn, wọn ò sì gbọdọ̀ kọjá afẹsẹ̀wà kankan. Ọmọ mi, ta ló ronú kan irú òfin yìí? Olùrànlọ́wọ́ tí kì í ran ọ̀lẹ lọ́wọ́! Ká ní wọ́n lè so ọ̀kan mọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Onífèrè yẹ àwọn kẹ̀kẹ́ oníná wò. Kò fọwọ́ kàn wọ́n o, fóònù rẹ̀ ló nà sí wọn, ni kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún fóònù: bó ṣe lágbára tó, bó ṣe lè sáré tó, ìgbà tí a lo iná rẹ̀ àti ìgbà tí a ò lò ó. Tiwa ò purọ́ mọ́ wa, mo dúpẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, èmi àti ọkọ mi kì í sọ ọ̀rọ̀ àṣírí létí kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́. Bí a bá ní ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, a ó wọ yàrá, a ó ti ilẹ̀kùn. Onífèrè wá lẹ bébà pupa kékeré kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ́ńjìnnì. Mo ti ní kí ọkọ mi má fi omi kan ibẹ̀ láé, ìwé ẹ̀rí ni.

Mẹ́ta péré ni àwọn oníná: oníkẹ́míìsì, géndé kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, àti ọkọ mi. Fèrè dún, àwa afẹsẹ̀wà gbéra. Kí n má tàn ọ́, kò pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi kọjá mi, títí kan obìnrin kan tó gbé ajá sínú agbọ̀n iwájú kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo kẹ́yìn pátápátá. Níwọ̀n bí oníná ò sì ti gbọdọ̀ kọjá afẹsẹ̀wà, ẹ̀yìn mi gẹ́lẹ́ ni ọkọ mi wà. Ṣé o rí oore òfin! Mò ń gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ wọn, kiriń-kiriń, wọ́n kàn ń lù ú láìnídìí ni.

Géndé yẹn ò lè mú un mọ́ra. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fìrì, oníkẹ́míìsì sì tẹ̀lé e, ó ń juwọ́ sí wa bí olóyè. Nígbà tí a ó fi dé afárá, àwọn méjèèjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Onífèrè ti já bébà nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ kúrò lára wọn, ó ti lé wọn kúrò. Alápatà dúró tì wọ́n, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn oníná, àti bóyá èmi àti ọkọ mi yóò tún lè jọ jáde báyìí láé, ó ti wá dorí ẹnì kan ṣoṣo.

Mo kígbe bi wọ́n pé mélòó ni gíláàsì kọ. Wọ́n ní ọgọ́rin lé díẹ̀. Háà! Láti ọgọ́rùn-ún! A ò sì tíì gun òkè! Mo ní máàkì ti ń já o, ẹ pa iná yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ohun tí yóò tún fi gé e! Ọkọ mi tún wo gíláàsì náà. Wọ́n bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní èmi tí mò ń ta pẹ́ńsùlù fún àwọn aṣèdánwò? Wọ́n ní ó dáa, ìyàwó mi. Wọ́n pa á.

Kẹ̀kẹ́ oníná tí a bá pa iná rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ti kọ́bọ́ọ̀dù gun òkè ni. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ orúnkún tó ń ta kẹ́kẹ́. Ẹ̀yìn wọn ni mọ́tò tó ń kó àwọn tó bá rẹ̀ wà, dírẹ́bà rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ní Bàbá, àyè ń bẹ o, ìjókòó rẹ̀ rọ̀ o, kí lẹ rí lórí òkè yìí gan-an? Ọkọ mi ní ìyàwó tuntun ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Nígbà tó wá le, mo ní kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a jọ tì í. Wọ́n ní kí n má bojú wẹ̀yìn, kí n sáà máa lọ. Mo ń wà á, mo ń gbàdúrà, mo ń wà á, àfi bí ọ̀nà ṣe tẹ́jú lójijì lábẹ́ táyà mi, tí atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú, tí mo yíjú padà.

Ọmọ mi, mi ò mọ ohun tí n óò fi wé. Òógùn ti wẹ̀ wọ́n, ẹsẹ̀ òsì ń gbọ̀n rìrì, ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo kẹ̀kẹ́ ń kọ mànà lójú ọ̀nà títí dé etí odò, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Dírẹ́bà yẹn gan-an pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí a fi dé etí odò, wọ́n ti ń ká àsíá. Alápatà ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó ní òun ò gbà, ó ní kò sí bí ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe lè gun òkè yẹn àfi kó ti yọ́ nǹkan ṣe sí ẹ́ńjìnnì. Onífèrè na fóònù, kẹ̀kẹ́ rojọ́. Ó wo fóònù, ó wo ọkọ mi, ó tún wo fóònù. Ó ní Bàbá, láti afárá títí dé orí òkè, ẹ ò lo iná rárá, kí ló dé? Ọkọ mi ní ìyàwó àwọn ló ní kí àwọn pa á, ìgbéyàwó àwọn ò sì tíì gbó tó èyí tí wọ́n ń jiyàn nínú rẹ̀.

Mo bọ́ síwájú, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ máàkì fún Onífèrè kó lè yé e. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá ní Màmá, kì í ṣe máàkì, iná tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì ni, oúnjẹ ni, kí ẹ lè jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe fún yín. Mo ní kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn. Gbogbo etí odò ń rẹ́rìn-ín, obìnrin alájá ní láti gbé ajá sílẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín tán. Alápatà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ orúnkún òsì ọkọ mi lọ́tùn-ún lósì, iṣẹ́ rẹ̀ sáà ni eegun. Ó ní eegun yìí ò dáa rárá. Ó dìde, ó ní òun tóun ní ẹsẹ̀ méjì pípé, òun sọ̀ kalẹ̀ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ lórí òkè yẹn lónìí, ẹni tó bá rí òun kó má purọ́. Ó ní kí ìgbìmọ̀ kọ òfin náà sílẹ̀: kí àwọn oníná máa bọ̀, kí ẹni tó bá rú u máa lọ. Onífèrè ní ó ti di kíkọ. Ó tún fi kún un pé láti ọdún tó ń bọ̀, oníná àti afẹsẹ̀wà tó bá jẹ́ tọkọtaya lè máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbi tí ọ̀nà bá ti fẹ̀. Òfin ni o, ọmọ mi! Wọ́n ṣòfin nítorí tèmi àti ọkọ mi!

A délé, mo gbé omi gbígbóná, mo ń fi aṣọ ra orúnkún wọn, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n yé bẹ̀bẹ̀, pé láti ọjọ́ tí a ti tú páálí ni àwọn ti mọ̀ pé kì í ṣe máàkì. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ? Wọ́n ní inú mi dùn jù lọ́jọ́ náà, ta ni yóò gba ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ìyàwó tuntun? Mo ní lórí afárá ńkọ́? Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti já bọ́, gbogbo ayé ló ń sọ fún ẹsẹ̀ yẹn pé kó jókòó, kó rọra, kó má ṣe wàhálà. Wọ́n ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó rán an níṣẹ́.

Ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́, ọmọ ni ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ lóṣù yìí, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí n fi ra ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó rọ̀, nítorí ìdúró ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fi ti òróró ìpara orúnkún kún un. Kó má gba orí fóònù wá o, mi ò fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbọ́ iye tí a ní.

Ọkọ mi kí ọ, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì tìrẹ ló kàn lẹ́yìn ti alápatà. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀. Ẹni tó wà níwájú rẹ kò ní dí ọ lọ́nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní tì ọ́ ṣubú. Ohun tí ayé ti ní kó jókòó nínú rẹ, wàá rí ẹni tí yóò rán an níṣẹ́, yóò sì jíṣẹ́ náà. Àmín, àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ìyàwó Káfíńtà