Ẹ Má Kí Bàbá Mi Lẹ́nu Iṣẹ́

Bàbá mi àti ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àìrí mi, ẹ kú ojú lọ́nà láti ọdún mẹ́fà. Ìyá mi, ọmọ Ìbòkun, mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà ní Ìlú Ọba níbí, bí ilẹ̀ ibí tilẹ̀ tutù débi pé ó ń dun orúnkún. Ẹ̀yin ará àdúgbò wa l'Óṣogbo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sọ́jà, lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo kí yín tọkàntọkàn. Lẹ́tà yìí kan ẹ̀yin náà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba dípò kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá mi.

Ara mi le, alhamdulillah. Òtútù ti dé síbí. Aṣọ mẹ́rin ni mo ń wọ̀ léra kí n tó jáde, tí mo bá sì dé ibi iṣẹ́ tí mo ń bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣe ni mo máa ń dà bí àlùbọ́sà tí wọ́n ń bó. Ohun tó nira ju òtútù lọ ni pé èèyàn lè jí, kó wọkọ̀, kó rin gbogbo títì já, kí ẹnikẹ́ni má kí i. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń kí ara mi nínú dígí. Èmi ni mo ń sọ pé ẹ káàárọ̀, èmi náà ni mo ń dáhùn.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ irin ni mo wà. A ó ti irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ẹ̀rọ, orí ẹ̀rọ á sọ̀ kalẹ̀ gbì, irin náà á di ohun tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rí ìyá àgbà kan nídìí ẹ̀rọ tiwọn, Mọ́ríìnì lorúkọ wọn. Mo sún mọ́ wọn. Mo wá ẹ kú iṣẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì mi, mi ò rí i, mo bá sọ pé gúùdù mọ́nìn mà, mo sì rọra kúnlẹ̀ díẹ̀. Wọn ò wò mí. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè. Wọn ò wò mí. Inú bí mi débi pé mo sọ lọ́kàn mi pé àwọ̀ mi ni wọn ò fẹ́ rí, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi dì wọ́n sínú.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tá a jókòó mu tíì, àwọn fúnra wọn ló wá bá mi. Wọ́n béèrè orúkọ mi, wọ́n béèrè ẹ̀yin òbí mi, wọ́n béèrè bóyá mo ti ra ìbọ̀wọ́ òtútù. Wọ́n wá ní kí n má bínú, pé tí àwọn bá ti wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, kódà bí ìyá àwọn bá jí dìde láti sàréè, ó máa dúró ni. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé tábìlì. Ìka méjì ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, níléeṣẹ́ mìíràn, ọ̀rẹ́ àwọn kan ló pe àwọn lórúkọ láti ẹ̀yìn pé tíì ti délẹ̀. Àwọn yíjú láti dáhùn, ẹsẹ̀ àwọn sì wà lórí àtẹ̀sẹ̀, irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí orí ẹ̀rọ lè sọ̀ kalẹ̀. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́, àwọn náà ló sì kọ́ mi níṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún dùn, mi ò ní parọ́. Láàárọ̀, kí n tó fi irin kankan sí i, mo máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lọ sókè sódò lófìfo, kí n gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ yí padà. Mo ti yọ òrùka, mo ti ki etí hìjáábù mi bọ inú aṣọ. Bọ́tìnnì méjì ni ẹ̀rọ náà ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì jìnnà síra. Àfi tí mo bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ni orí ẹ̀rọ tó máa sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà kò sí ọwọ́ tó máa ṣẹ́ kù sábẹ́ rẹ̀. Bí irin bá há, mo máa pa iná, mo máa ti ẹ̀rọ náà pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà lápò mi, kí ẹlòmíràn má baà tan án nígbà tí ọwọ́ mi wà nínú. Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ máa ní ìfàkókòṣòfò ni gbogbo ìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Mọ́ríìnì tí kì í kánjú, tí wọ́n ń to irin wọn síbi tí wọn ò ti ní máa bẹ̀rẹ̀ mú un, àwọn ló máa ń ṣe ju gbogbo wa lọ, irin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ wá dórí yín. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lẹ fi ra ẹ̀rọ àlòkù tẹ́ ẹ fi ń tẹ ìdérí ìkòkò. Inú mi dùn nígbà tẹ́ ẹ rà á, torí òòlù tẹ́ ẹ ti ń gbé látìgbà èwe ti ń dun èjìká yín. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi kọjú fóònù sí yín kí n lè rí yín lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jókòó níwájú ilé, ẹsẹ̀ yín wà lórí àtẹ̀sẹ̀, ọwọ́ òsì yín di páànù mú lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹnì kan kọjá, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Onípáànù. Ẹ yíjú sí i, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ béèrè ìyàwó rẹ̀, ẹ béèrè àwọn ọmọ. Ọwọ́ òsì ò kúrò níbẹ̀. Mo lọgun. Ìyá mi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń yọ mí lẹ́nu. Bàbá, ẹ̀rù bà mí, ó sì ṣì ń bà mí títí di báyìí.

Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ ní ẹni tó bá fara pamọ́ tó ń tẹ irin, wọ́n á ní ayédèrú owó ló ń ṣe. Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má máa dáhùn. Ẹ ní ṣé kí gbogbo Òṣogbo lè máa sọ pé owó òkè òkun ti ń gùn yín ni? Ẹ tún ní tí èèyàn bá sálámà sí wa, dandan ni ká dáhùn. Mo gbà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà lórí ìrun tí ẹnì kan kí yín, ẹ kì í yíjú, ẹni náà kì í sì í bínú. Mi ò sọ pé páànù àti ìrun dọ́gba o, kí Àáfà àdúgbò má baà fi mí ṣe wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Bùọ̀dá Délé, àbúrò ìyá mi tó ń tún ẹ̀rọ ṣe n'Iléṣà, ti ṣèlérí pé àwọn máa wá yọ àtẹ̀sẹ̀ náà, àwọn á fi bọ́tìnnì méjì sí i. Kí wọ́n tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mú ni kẹ́ ẹ máa fi ti páànù bọ abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìka. Ní ti ìkíni, ìyá mi ló rí ọgbọ́n ta sí i. Wọ́n ní àwọn á gbé àga síwájú, àwọn á máa gba ìkíni fún yín, tẹ́ ẹ bá sì ti pa ẹ̀rọ, àwọn á dárúkọ gbogbo ẹni tó kọjá, kẹ́ ẹ lè lọ dá wọn lóhùn nílé wọn. Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé wọn ò ní gbàgbé ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n á tún fi ti ara wọn kún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará àdúgbò, mo fi orúnkún méjèèjì bẹ̀ yín: ẹ má kí bàbá mi tí wọ́n bá wà nídìí ẹ̀rọ. Ìyá mi ni kẹ́ ẹ kí. Ọ̀gá wa tó ń gbé ní Dàda Estate, tẹ́ ẹ máa ń fun fèrè ọkọ̀ kí wọn, ẹ ṣàánú mi, tiyín ló burú jù. Ẹni tí bàbá mi ò bá dá lóhùn, kó má sọ pé ìgbéraga ni. Ọmọ wọn ló ní kí wọ́n má dáhùn. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí, mo kúkú jìnnà, ẹ ò lè nà mí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ yín, kó bá wa ṣọ́ ìka yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà n'Íbòkun, ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi lẹ́yìn ààwẹ̀, mo ń bọ̀ wálé, ìnṣáà Allah. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé tí mo bá yín nídìí ẹ̀rọ, mi ò ní kí yín. Màá gbé ẹrù mi kalẹ̀, màá dúró jẹ́ẹ́, ì báà gbà mí ní wákàtí kan. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pa á, tẹ́ ẹ sì nu ọwọ́ yín méjèèjì, ìgbà yẹn ni màá wá kúnlẹ̀, tí màá kí yín ní kíkí ọdún mẹ́fà.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù