Fèrè Tó Ń Pe Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Lalupon

Ìyábọ̀ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Orin jáàsì tí o gbé wá láti Ìbàdàn nínú fóònù rẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìlù ń sáré síhìn-ín, dùùrù ń sáré sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ewúrẹ́ já wọ ibi tí wọ́n kó abọ́ sí. Mo ní fóònù rẹ ti bàjẹ́. O ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ló bá ku fèrè nìkan. Ó ń pè léraléra: Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́.

Oríkì ìyá rẹ! Ọdún kẹfà rèé tó kú, tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é nínú ilé yìí.

O rẹ́rìn-ín. “Bàbá, òyìnbó ló ń fọn ọ́n. Ẹ lè gbọ́ Àdùkẹ́, ẹ lè gbọ́ Àṣàkẹ́.”

Kí ló kàn mí kan Àṣàkẹ́?

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti dá fèrè lóhùn: “Àbẹ̀kẹ́ kò sí nílé!” Bí ẹni pé ó kàn lọ yan gàrí ni. Ohùn ara mi dẹ́rù bà mí.

Kọ ọ́ pé n kò sunkún. Kọ ọ́ náà pé nígbà tí o fẹ́ pa orin náà, mo di ọwọ́ rẹ mú.