Déètì Tó Purọ́ Lára Fọ́tò Màmá

                                        Ojúlé Kẹtàlá, Òpópónà Ọláògún,
                                        Lásùnwọ̀n, Ìkòròdú,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2006.

Lois, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé oòrùn Yola kò tíì yan ọ́ gbẹ bí ẹja Màmá? Báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá, báwo ni ìwé kíkà, ṣé ẹ̀ ń rí omi pọn? Ara tiwa níbí le, a dúpẹ́. Súbérù ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ síbí pé òun ló rí súkúrù. Wàá mọ ohun tó ń sọ láìpẹ́.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkíni lò ń wá. Nítorí náà kí n sọ ọ́ kí n tó sọ ohun mìíràn: Màmá wà láàyè. Mo fojú ara mi rí wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a jọ jẹun, wọ́n sì fojú bá mi wí nígbà tí mo ṣẹ́ oúnjẹ kù. Fọ́tò méjì wà nínú àpò ìwé yìí. Mo fi bébà wé wọn, mo fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pinpin, torí mo mọ̀ ọ́, ara rẹ kì í balẹ̀. Jọ̀wọ́, má tíì tú u. Ka lẹ́tà yìí ná. Bí o bá kọ́kọ́ wo fọ́tò, wàá rí déètì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wàá pariwo pé a ti tàn ọ́, wàá sì gbé báàgì rẹ, ó di páàkì.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ yẹn, ẹkún rẹ bà mí nínú jẹ́. O ní láti oṣù kejì lo ti ń bẹ Bọ̀dá Nehemiah, ẹ̀gbọ́n rẹ, pé kí wọ́n gbé fóònù fún Màmá, wọn á ní ọ̀fun ń dùn wọ́n, wọ́n ti sùn, wọ́n lọ sí ìsọjí. O ní ọ̀fun wo ló ń dun ènìyàn láti oṣù kejì? O ní o mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí, pé bí òbí bá kú, wọn kì í sọ fún ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn, ìgbà tó bá délé ni wọn á fi sàréè hàn án. O ní bí o kò bá rí fọ́tò Màmá, fọ́tò tuntun, kí ìdánwò àṣekágbá yín tó bẹ̀rẹ̀, o máa fi ìdánwò sílẹ̀, o máa bọ̀ wálé. Ọdún mẹ́ta tí o ti fi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì á sì bá omi lọ. Mo ní kí o fọkàn balẹ̀, pé èmi fúnra mi á lọ yà wọ́n. Ìgbà tí mo pa fóònù tán ni mo rántí pé kámẹ́rà mi ti kú.

O mọ kámẹ́rà náà, kékeré aláwọ̀ fàdákà tí àbúrò Súbérù mú bọ̀ láti Dubai, tí mo fi ń ya àwọn aṣọ tí mo bá rán. Ọdún tuntun la gbé e lọ sétí òkun, ni iyanrìn bá wọ inú rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́ńsì á yọrí bí ahun, á máa ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kò ní jáde tán, kò sì ní wọlé. Ẹni tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Gáréèjì ní kí n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Mo gba kámẹ́rà mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọdún Magbó. Lọ́jọ́ yẹn obìnrin kan kì í yọjú síta ní Ìkòròdú, a ti fèrèsé, a tilẹ̀kùn, ọkùnrin ló ni ìgboro títí orò á fi wọlé. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, n kò kúkú níbi í lọ. Mo gbé àpótí irinṣẹ́ bàbá mi jáde. Ṣebí o rántí wọn lábẹ́ agboòrùn wọn, aago ọwọ́ àwọn ènìyàn níwájú, dígí kan lójú? Àwọn ohun èlò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń tú aago ṣì wà níbẹ̀, àti ẹ̀mú, àti búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ kò ju ti ìpéǹpéjú lọ. Bàbá mi máa ń sọ pé títú kò le, àtòpadà niṣẹ́. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo na ṣẹ́lótéèpù lé e kí ojú tó ń lẹ̀ wà lókè, gbogbo súkúrù tí mo bá yọ ni mo ń lẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.

Mo yọ bátìrì. Fi ìyẹn sọ́kàn o. Mo yọ súkúrù ẹ̀gbẹ́, mo bó èèpo rẹ̀. Mo rò pé iná ti kúrò nínú rẹ̀, àṣé ó kù ní ibi tí fíláàṣì ń kó tirẹ̀ pamọ́ sí. Bí ìka mi ṣe kàn án, Lois, ó gbá mi jìgì! Mo figbe ta. Súbérù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ta ayò ní fàráńdà ní kí n rọra o, pé òní kì í ṣe ọjọ́ ariwo obìnrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín.

Wáyà pẹlẹbẹ kan ló so lẹ́ńsì mọ́ ara kámẹ́rà, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo fi ẹ̀mú fà á yọ, n kò tilẹ̀ mí. Nínú lẹ́ńsì náà, àwọn ike róbótó ló wọ inú ara wọn, wọ́n ní eyín wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mọ́tò kékeré kan ń yí. Ibẹ̀ lọwọ́ mi ti tẹ ọ̀daràn. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo, ó há sáàárín eyín méjì. Ohun tí kò tó gaàrí hóró kan ló fẹ́ ba ọdún mẹ́ta rẹ jẹ́! Mo fi abẹ́rẹ́ tú u jáde, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo eyín náà, mo fi òwú nu dígí rẹ̀. N kò fi òróró sí i, torí bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé òróró ló ń pe eruku.

Ìgbà tí mo ń tò ó padà ni súkúrù kan fò lẹ́nu ẹ̀mú. Ó dún tín lórí sìmẹ́ńtì, ó yí gbiri, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ sí fàráńdà. Ilẹ̀kùn tí n kò gbọ́dọ̀ ṣí! Mo dojúbolẹ̀, mo gbé ẹnu sí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń bẹ Súbérù. Ó ní báwo ló ṣe tóbi tó. Mo ní kò tó kóró ata. Ó ní ta ló ń wá kóró ata ní fàráńdà? Ṣùgbọ́n ó wá a. Àgbà ọkùnrin méjì ń rákò káàkiri ilẹ̀, adìẹ onílé wa sì ń bá wọn wá a, èmi ń pariwo láti abẹ́ ilẹ̀kùn pé ẹ lé adìẹ, ẹ lé adìẹ! Súbérù ló fọwọ́ bà á nígbẹ̀yìn. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé ọṣẹ kan, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé fún mi. Ọkùnrin dáadáa ni, àmọ́ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Mo dé e pa, mo fi bátìrì sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ńsì jáde tán, ó sì wọlé tán. Mo jó yí tábìlì ká! Kámẹ́rà ń bi mí ní nǹkan lójú rẹ̀, n kò kà á, mo kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo wọ mọ́tò dé Ẹ̀pẹ́, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé abúlé yín. Bọ̀dá Nehemiah pàdé mi létí omi, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní àwọn ti wé gèlè fún Màmá, àwọn ti gbé wọn jókòó, kí n yà wọ́n láti àyà sókè, kí ọwọ́ má hàn. Wọ́n ní bí o bá mọ òótọ́, o kò ní lè jókòó ṣe ìdánwò. Lois, ẹ̀rù ló ń ba Bọ̀dá, wọn kì í ṣe ìkà. Má bá wọn jà jù.

Òótọ́ náà rèé. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá ní oṣù kejì. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè gbé nǹkan, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu wọn. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, wọ́n mọ gbogbo wa, àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wá a pẹ́. Ìdí tí Bọ̀dá kò fi gbé fóònù fún wọn nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan ń wá wò wọ́n, ó ní ó ń dára sí i. Ìwọ tí o fẹ́ di nọ́ọ̀sì mọ ìyẹn jù mí lọ. Mo sunkún nígbà tí mo rí wọn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Mo ya àkọ́kọ́ bí Bọ̀dá ṣe fẹ́ ẹ. Màmá nawọ́ pé kí n fi hàn àwọn. Wọ́n wò ó lójú kámẹ́rà, wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí. Ni wọ́n bá fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè. Bọ̀dá sáré dì wọ́n lọ́wọ́ mú, Màmá gbá ọwọ́ Bọ̀dá dànù! Lois, ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Láti kékeré wa, ta ló rí orí wọn ní ṣíṣí rí yàtọ̀ sí ìwọ? Ìwọ lò ń kun dáì fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n á ní kí èmi kọjú sí omi. Kérésì tó kọjá yìí náà, ìwọ lo kùn ún. Wọ́n gé irun náà mọ́lẹ̀ ní ọsibítù, èyí tó hù lẹ́yìn rẹ̀ kò rí dáì. Ó funfun báláú. Màmá ju gèlè sílẹ̀, wọ́n di òpó ilé ìyanja mú, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n sì kọjú sí mi. Mo yà wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Bọ̀dá lọ dúró létí omi, wọ́n kẹ̀yìn sí wa.

Láàárọ̀ òní mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò ní Gáréèjì. Nígbà tí fọ́tò jáde, mo rí nọ́ńbà pupa nísàlẹ̀: 01/01/2004. Yéè! Àṣé nígbà tí bátìrì fi wà níta látàárọ̀ dalẹ́, kámẹ́rà ti gbàgbé ọjọ́, déètì ló ń béèrè lọ́wọ́ mi tí mo tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ọdún 2004, tí Màmá ṣì ń ru apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́! Awakọ̀ tí mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán máa gbéra lọ sí Yola nírọ̀lẹ́ òní, kò sáyè pé mo ń padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì onífọ́tò, orí mi gbóná. Ó ní kí òun gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Mo ní rárá, tí Lois bá rí i pé a gé e, ìyẹn gan-an ló máa pa á. Mo tún wo fọ́tò kejì, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín láàárín Gáréèjì. Kámẹ́rà lè purọ́, orí Màmá kò lè purọ́. Ta ló mọ ọjọ́ orí irun yẹn bíi tìrẹ?

Ó yá, tú bébà yẹn wàyí. Èyí tó wé gèlè ni ti Bọ̀dá. Èkejì ni ti Màmá. Ohun tó ṣú bí kùrukùru ní igun òsì, ìka mi ló kan dígí inú lẹ́ńsì, má rò pé èéfín ẹja ni.

Bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ níbẹ̀, pàápàá èyí tó ń yá ọ ní fóònù. Bí o bá rí àyè, pe Bọ̀dá Nehemiah, sọ fún wọn pé o ti gbọ́, kí ara lè tù wọ́n. N kò ní sọ pé kí o wá tàbí kí o dúró, ìyá rẹ ni. Ohun tí wọ́n sọ nìkan ni mo máa kọ síbí.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀, Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Bọ̀dá fẹ́ bá wọn sọ ọ́, Màmá fojú dá wọn lẹ́kun. Ohun tó jáde ni, "Dáì." Mo ní ṣé kí n rà á wá, kí n bá yín kùn ún? Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n ní, "Lois." Wọ́n tún wá a títí, mo rò pé ó ti tán. Wọ́n wá ní, "Tó bá... ṣe tán."

Mo ti ra dáì náà. Ó wà nínú àpótí bàbá mi, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í ṣe tẹnu,

Kúbúrátù