Ohùn Ìyàwó Pọ́tífárì

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin

Wọ́n ti lé mi kúrò nílé ìwé. Kí ni mo ṣe? Mo fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé, mo fi ohùn ọ̀gá àgbà pàṣẹ pé kí àwọn tíṣà jáde wá kúnlẹ̀ ní pápá. Mẹ́ta kúnlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi dà níbẹ̀? Àwọn tó kúnlẹ̀ ni kí wọ́n lé.

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò màmá mi ni, aránṣọ, òun ló ń tọ́ mi láti ìgbà tí màmá mi ti kú. Níwájú rẹ̀ mo máa ń sọ pé "ẹ" àti "wọ́n". Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ta ló fẹ́ mú mi?

Ó ní iṣẹ́ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń ka Bíbélì sórí ẹ̀rọ fún àwọn tí kò mọ̀wé, wọ́n sì ń wá ọmọ tẹ́nu ẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ní ó kéré tán ẹnu burúkú yìí á ṣe Ọlọ́run láǹfààní.

A ó rí i.

Túsìdé, ọjọ́ karùn-ún

Yàrá kótópó. Fóòmù ibùsùn ni wọ́n kàn mọ́ ògiri kí ariwo má baà wọlé. Ó ń rùn bí ìgbà tí ọmọ bá tọ̀ sí i. Ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń tẹ ẹ̀rọ, mo ti sọ ọ́ ní Wáyà — kì í sọ̀rọ̀, orí ló máa ń mì, bíi ti alángbá. Èkejì ni olùtúmọ̀. Gègé lorúkọ tèmi fún un: gègé ìkọ̀wé kún àpò àyà rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ń tún Bíbélì túmọ̀ sí Yorùbá tuntun, òun náà ló sì ń kà á. Kó tó la ẹnu á kọ́kọ́ wúkọ́, hùn-hùn, bí ewúrẹ́ tí èèpo há lọ́nà ọ̀fun.

Òfin rẹ̀ rèé. Àwọn obìnrin mímọ́ — Màríà, Hánà, Dèbórà — òun fúnra rẹ̀ ni yóò ka ọ̀rọ̀ wọn. Ohùn ọkùnrin. Tèmi ni àwọn tó bàjẹ́: Éfà, Dẹ̀lílà, Jésébẹ́lì, ìyàwó Pọ́tífárì.

Mo ní kí ló dé tí n kò lè ka Màríà. Ó ní ohùn obìnrin a máa gbé ọkàn ẹni kúrò nínú ohun mímọ́. Mo ní ọkàn ta ni, sà? Wáyà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Tọ́sìdé, ọjọ́ keje

Éfà. Gègé ní kí ohùn náà dùn lókè, kó korò nísàlẹ̀. Mo ṣe é bí ìyàwó onílé wa nígbà tó bá fẹ́ yá ohun tí kò ní dá padà. Gègé pa ojú dé. Ó ní obìnrin gan-an nìyẹn!

Mo yọjú wo ìwé rẹ̀. Nínú ti àtijọ́, Éfà jẹ èso, ó fún ọkọ rẹ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ti Gègé, "tó wà pẹ̀lú rẹ̀" ti fẹsẹ̀ fẹ. Ọkọ ti lọ síbì kan, bóyá ó lọ síṣẹ́. Ó dé, wọ́n sì tàn án jẹ. Mo bi Gègé pé ibo ni Ádámù lọ. Ó ní kí n gbájú mọ́ ẹnu mi.

Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìròyìn! Àyè díákónì kan ṣí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gègé fẹ́ ẹ. Àǹtí náà fẹ́ ẹ. Obìnrin kankan kò ṣe é rí níbí. Òun kúkú ló ń rán aṣọ fún gbogbo wọn, òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin ìjọ, òun ló ń jókòó ti aláìsàn tí ọmọ rẹ̀ ti sá fún. Ó ní Pọ́ọ̀lù dárúkọ obìnrin kan, Fébè, tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Gègé ní rárá o, ìránṣẹ́ ni ìyẹn, díákónì kọ́. Ìpàdé ìjọ ni yóò yanjú rẹ̀.

N kò rí i kí Àǹtí fẹ́ nǹkan rí. Oúnjẹ pàápàá, ìdúró ló fi ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ra bàtà tuntun.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀rọ gbóná, a ń dúró kó tutù. Mo wà lẹ́yìn fóòmù tó ṣí. Gègé ń fi Àǹtí ṣàwàdà fún Wáyà. Hùn-hùn. "Ọ̀rọ̀ kan náà mà ni nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rẹ́ mi. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, a kọ díákónì. Tó bá jẹ́ obìnrin, a kọ ìránṣẹ́. Àbí ọwọ́ ta ni gègé wà?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì, tikọ́ tẹ̀rín. N kò sọ fún Àǹtí. Ohun dídùn, èèyàn kì í jẹ ẹ́ tán lójú kan.

Wẹ́síìdé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra Àǹtí. Kí pínnì gún un lọ́fun.

Oníbàárà kan wá wọn ara. Mo kàn dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń fi ohùn oníbàárà náà gan-an dá a lóhùn. Inú bí i, ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ. Àǹtí mú mi síta, ó ní kí n kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi téèpù ìwọnra dì mí lẹ́nu. Àkókò tí wọ́n ń jáde nílé ìwé! Gbogbo kíláàsì mi ló kọjá. "Ẹ kú ẹnu o!" "Íńṣì mélòó ni?"

Ó dáa.

Àǹtí kì í yọ pínnì lẹ́nu kó tó sọ̀rọ̀. Á tò wọ́n sí ètè, á máa fi igun ẹnu sọ ọ́, èémí á máa gba àárín pínnì jáde — ṣìì, ṣìì. Adití ló kù tí kò mọ ohùn yẹn.

Lọ́la, ìyàwó Pọ́tífárì ló kàn.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣe é. Pẹ̀lú pínnì gidi. Wáyà yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí, ó ń wò mí.  Gègé ní kí n tún un ṣe, kí n fa ṣìì yẹn gùn sí i.

Ó mọ̀. Ó mọ ohùn ẹni tó ń gbọ́.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n gbé sípíkà síwájú kí ìjọ gbọ́ ibi tí iṣẹ́ dé. Gègé ló mú èyí tí wọ́n máa gbọ́. Ohùn Àǹtí jáde, ó gba gbogbo ilé — ṣìì, ṣìì — ó ń pe Jósẹ́fù wá sórí ibùsùn.

 Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé. Pásítọ̀ fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Àǹtí wà níwájú, nínú bàtà tuntun. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dùn. N kò ní parọ́ fún ìwé mi: ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já lára mi.

Túsìdé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyàwó Pọ́tífárì. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn báyìí. Ọkùnrin kan gbé ṣòkòtò wá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà: "Ẹ má fà mí láṣọ o, mo níyàwó nílé!" Àwọn ọmọdé ń ṣe ṣìì ṣìì lójú fèrèsé. Ìyàwó Pásítọ̀ wá kó aṣọ rẹ̀ láìrán, kò tilẹ̀ jókòó.

Kò nà mí. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti yọ pínnì kúrò lẹ́nu. Tìmùtìmù ló ń gún wọn sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níwájú ìpàdé. Mo gbé oúnjẹ fún un. Ibi tí mo gbé e sí ló tutù sí.

Wẹ́síìdé, ogúnjọ́

Ẹ̀rín náà ti kan lẹ́nu mi. Kò burú. Ohun tí mo gbé mì lọ́jọ́sí ṣì wà nínú mi. Òun ni yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìpàdé. Àǹtí dìde, ó sọ tirẹ̀, ṣókí. Àwọn tó wẹ̀, àwọn tó bọ́. Fébè. Pásítọ̀ yíjú sí Gègé. Gègé ní ìránṣẹ́ ni Ìwé wí. Ta ni òun tí òun ó fi nǹkan kún un, tí òun ó yọ nǹkan kúrò níbẹ̀? Òun! Òun tó yọ Ádámù!

Mo fò dìde. Mo ní irọ́ ni, ohun tó sọ rèé. Mo sì tú u jáde. Hùn-hùn. Èdè Gíríìkì, ọ̀rẹ́ mi. Díákónì, ìránṣẹ́, ọwọ́ ta ni gègé wà. Ẹ̀rín náà, títí dórí ojú nínù. N kò ṣe ohùn ẹnikẹ́ni dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan ní kí n tún un ṣe, ọmọ òun kò gbọ́. Gègé gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń nu ojú, bí mo ṣe nu ún gẹ́lẹ́. Ó wá rọra bi wọ́n: ẹ̀yin ará, ṣé lóòótọ́ ni Àǹtí wa yìí pe Jósẹ́fù wá sórí ibùsùn? Wọ́n ní rárá o! Ó ní ẹnu tó fi ohùn wọn pè é nìyí. Bí ẹ bá gba èyí tó fi ohùn òun sọ gbọ́, ẹ gba èyí tó fi ohùn wọn sọ náà gbọ́. Ẹ mú ọ̀kan.

Mo yíjú sí Wáyà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Orí tó máa ń mì bíi ti alángbá, lónìí kò mì.

Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ Àǹtí nawọ́. Ọwọ́ mi nìkan ló lọ sókè. Wọ́n tún fìyẹn rẹ́rìn-ín.

Gègé ti di díákónì.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àǹtí pè mí sídìí máṣíìnì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n bi mí bóyá ọkùnrin yẹn sọ ọ́ lóòótọ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọ́n ní kí n fi ohùn ara mi sọ ọ́.

Mo sọ ọ́. N kò wúkọ́, n kò rẹ́rìn-ín. Omi ń dà lójú mi, omi gidi, ó ń wọ̀ mí lẹ́nu.

Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí oníbàárà bá pè ní sílíìkì tí kì í ṣe sílíìkì.  Wọ́n ní, "O mà mọ̀ ọ́n ṣe o. O tilẹ̀ fi omijé sí i."

Aṣọ funfun wà lórí tábìlì. Ti Gègé ni. Ó fi ránṣẹ́ láàárọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó lè rán aṣọ díákónì bíi tiwọn.

Àǹtí mi to pínnì sí ètè, wọ́n fa aṣọ náà mọ́ra, wọ́n sì ń rán an lọ. Mo dúró tì wọ́n, mò ń retí kí wọ́n tilẹ̀ bú mi.

Kò sí ṣìì kan.