Ìyàwó Tuntun ní Awoyaya

Màmá mi,

Kùmásì dára, ara mi le. Ọmọ ogún ọdún ni mí, ṣùgbọ́n "Alàgbà" ni wọ́n ń pe àwa ọkùnrin tó ń wàásù fún ìjọ Mọ́mọ́nì. Ẹ̀rín máa ń pa mí.

Ẹ ní ìrìn-àjò ni Fúnláyọ̀ àfẹ́sọ́nà mi lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi gbé fóònù mi. Mo ti rí fọ́tò ìgbéyàwó. Òun àti Bọ̀dá Akínlabí kúnlẹ̀, ẹ gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Gèlè yín wuyì, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ jíṣẹ́ Ọlọ́run, pé ẹ ó bá mi ṣọ́ ọ.

Ó ti di ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ẹ bá mi kí i. Tí mo bá dé, kó má pè mí ní Alàgbà. "Ọkọ mi" ni kó máa pè mí, bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀.

Ọmọ yín,
Túnmiṣe